Isaac Newton, ẹni tó wádìí ìdí tí òkun fi ń tẹ̀lé òṣùpá

1. Òṣùpá àti òkun

Gbogbo ọmọdé ló mọ òṣùpá. Ọmọ Kétu mọ̀ ọ́n. Ọmọ Sábẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn, òṣùpá á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná. Nígbà mìíràn, á rí bí ìdajì àkàrà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á yọ roboto, á sì mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èyí ni àwọn àgbà ń pè ní òṣùpá àrànmọ́jú.

Kì í ṣe gbogbo ọmọdé ló mọ òkun. Kétu àti Sábẹ̀ jìnnà sí òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé etí òkun ní Kútọnu á rí ohun ìyanu kan. Omi òkun kì í dúró sí ojú kan. Á máa gun iyanrìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 6, á ti padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ayé àtijọ́ ni àwọn apẹja ti rí i pé òkun ń tẹ̀lé òṣùpá. Wọ́n rí i pé bí òṣùpá bá kún, òkun náà á kún gan-an. Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wọn. Ọkọ̀ ojú omi tó bá fẹ́ wọ èbúté gbọ́dọ̀ dúró kí omi kún. Bí ó bá wọlé nígbà tí omi ti fà, ìdí rẹ̀ lè gúnlẹ̀, ó sì lè fọ́.

Àwọn apẹja mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Òṣùpá wà lókè réré, òkun wà nísàlẹ̀. Kò sí okùn láàárín wọn. Báwo ni ọ̀kan ṣe lè fa èkejì?

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń jiyàn lórí rẹ̀. Kepler, ará Jámánì, sọ pé òṣùpá ló ń fa omi. Galileo, ará Ítálì, sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìrìn ayé ló ń mi omi òkun, bí omi ṣe ń mì nínú igbá tí ènìyàn gbé rù.

Ẹni tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà ni Isaac Newton. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nìyí.

2. Ọmọ tí wọ́n rò pé kò ní yè

Wọ́n bí Isaac Newton ní ọjọ́ Kérésìmesì, ọdún 1642, ní abúlé kan tí ń jẹ́ Woolsthorpe, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Isaac ni orúkọ bàbá náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rí bàbá rẹ̀ sójú. Bàbá ti kú ní oṣù 3 ṣáájú kí wọ́n tó bí i.

Ọmọ náà kéré púpọ̀. Nígbà tó dàgbà, wọ́n sọ fún un pé inú ife ńlá kan ì bá gbà á. Wọ́n rán obìnrin méjì lọ sí ilé aládùúgbò láti lọ mú ohun tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ wá. Àwọn obìnrin náà kò yára. Wọ́n jókòó sinmi lójú ọ̀nà, nítorí wọ́n rò pé ọmọ náà á ti kú kí àwọn tó padà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kú.

Nígbà tí Isaac pé ọmọ ọdún 3, ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó kó lọ sí abúlé ọkọ rẹ̀ tuntun, ó sì fi Isaac sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Abúlé náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n Isaac kò bá ìyá rẹ̀ gbé mọ́. Ó dun ọmọ náà púpọ̀. Nǹkan bí ọdún 7 kọjá kí ìyá rẹ̀ tó padà wálé, lẹ́yìn tí ọkọ kejì kú. Ìyá mú àbúrò mẹ́ta wá fún Isaac.

Isaac di ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fẹ́ràn láti máa dá wà. Ó sì fẹ́ràn láti máa wo nǹkan fínnífínní.

3. Isaac ní ilé-ẹ̀kọ́

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, Isaac lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú Grantham. Ìlú náà jìnnà sí abúlé rẹ̀ tó kìlómítà 11. Kò lè máa rìn lọ kó sì máa rìn bọ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ó ń gbé ní ilé ọkùnrin kan tó ń ta oògùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Isaac kò ṣe dáadáa ní kíláàsì. Ẹ̀yìn ló wà. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọmọkùnrin kan ta á nípàá nínú ikùn. Ọmọkùnrin náà tóbi jù ú lọ, ó sì mọ̀wé jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, Isaac pè é níjà. Wọ́n jà, Isaac sì borí.

Ṣùgbọ́n Isaac rí i pé ìjà nìkan kò tó. Ó pinnu pé òun á borí ọmọ náà nínú ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé gidigidi. Kò pẹ́, ó kọjá ọmọ náà. Nígbà tó yá, òun ló wá gba ipò kìíní.

Isaac tún fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan. Bí wọ́n bá fún un lówó, ayùn kékeré, òòlù kékeré àti àáké kékeré ló ń fi rà. Nítòsí ìlú náà, wọ́n ń kọ́ ọlọ ńlá kan tí afẹ́fẹ́ máa ń yí. Isaac ń lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣe irú rẹ̀ kékeré kan. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, ó ń fi eku kan sínú rẹ̀ kí eku náà lè máa yí i.

Ní òru ọjọ́ kan, ó so àtùpà bébà mọ́ ìrù káìtì, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e sókè. Àwọn ará abúlé rí iná tó ń rìn lójú ọ̀run. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an!

Isaac tún kan èèkàn kéékèèké mọ́ ara ògiri. Bí òòrùn ti ń rìn, òjìji àwọn èèkàn náà ń rìn pẹ̀lú. Isaac sàmì sí ibi tí òjìji bá dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn aládùúgbò wá ń wo ògiri náà kí wọ́n lè mọ aago tó lù. Báyìí ni ọmọ náà ṣe rí i pé ohun tó wà lójú ọ̀run kì í rìn ségesège. Ó ní ìlànà tó ń tẹ̀lé.

4. Àgbẹ̀ tí kò mọ oko

Nígbà tí Isaac fẹ́ pé ọmọ ọdún 17, ìyá rẹ̀ pè é padà sílé. Ó fẹ́ kó di àgbẹ̀ bíi bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ wà, àgùntàn wà, màlúù wà. Ta ni yóò tọ́jú wọn bí kì í bá ṣe àkọ́bí?

Ṣùgbọ́n ọkàn Isaac kò sí ní oko. Bí wọ́n bá ní kó máa ṣọ́ àgùntàn, á jókòó, á sì máa kàwé. Àwọn àgùntàn á wọ oko olóko lọ. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ di ẹjọ́, wọ́n sì ní kó san owó ìtanràn. Bí wọ́n bá rán òun àti ọmọ ọ̀dọ̀ lọ sí ọjà, Isaac á dúró lójú ọ̀nà, á máa kàwé títí ọmọ ọ̀dọ̀ náà á fi padà dé.

Inú ìyá rẹ̀ kò dùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé rò pé kò wúlò fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì rí ohun tí àwọn yòókù kò rí. Ọ̀kan ni arákùnrin ìyá rẹ̀. Èkejì ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Grantham. Àwọn méjèèjì bẹ ìyá náà pé kó jẹ́ kí ọmọ padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá náà sọ pé òun kò ní gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rò ó títí, ó sì gbà. Ká ní kò gbà ni, inú oko tí kò fẹ́ràn ni Isaac ì bá wà títí dọjọ́ alẹ́.

5. Àjàkálẹ̀ àrùn

Ní ọdún 1661, Isaac wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Cambridge. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ìyá rẹ̀ ní owó, ṣùgbọ́n owó díẹ̀ ló ń fún un. Nítorí náà, Isaac ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó lówó jù ú lọ kó tó lè kàwé. Irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn yòókù, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ilé fún wọn.

Ní ọdún 1665, àjàkálẹ̀ àrùn burúkú kan bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cambridge pa kí àrùn náà má bàa ràn. Wọ́n ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé.

Newton padà sí Woolsthorpe. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 22. Ó padà sí Cambridge fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1666, ṣùgbọ́n àrùn náà tún lé e wálé. Títí di ọdún 1667, ilé ló wà jù. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀. Kò sí kíláàsì. Kò sí ẹni tó fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n Newton kò jẹ́ kí ọjọ́ lọ lásán. Ó ń ka ìwé, ó ń ṣe ìṣirò, ó sì ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀.

6. Èso ápù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé èso ápù já lu Newton lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Newton di arúgbó, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun rí èso ápù tó já bọ́ láti orí igi. Igi ápù àtijọ́ kan ṣì wà ní ọgbà ilé náà títí di òní.

Newton wo èso náà, ó sì ronú. Kí ló dé tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni èso máa ń já sí? Kí ló dé tí kì í lọ sí ẹ̀gbẹ́? Kí ló dé tí kì í lọ sókè? Ó rí i pé ayé ló ń fà á. Agbára yìí ni à ń pè ní òòfà ayé. Òun ló ń mú kí òkúta tí a jù sókè padà sílẹ̀. Òun ló ń mú kí omi ṣàn láti orí òkè wá sí àfonífojì.

Newton kò dúró níbẹ̀. Orí igi tó ga, òòfà ayé dé ibẹ̀. Orí òkè tó ga, òòfà ayé dé ibẹ̀. Ṣé kò lè dé ọ̀dọ̀ òṣùpá ni? Bí ó bá dé ibẹ̀, kí ló dé tí òṣùpá kò já lulẹ̀ bí èso ápù?

Èyí ni ìdáhùn rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ju òkúta síwájú, òkúta náà á lọ díẹ̀, á sì já sílẹ̀. Bí ó bá fi agbára jù ú, á lọ jìnnà kó tó já. Ká ní ẹnì kan wà lórí òkè gíga, tó lè ju òkúta pẹ̀lú agbára tó ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Òkúta náà á máa bọ̀ wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé rí roboto, ilẹ̀ náà á máa tẹ̀ lọ sísàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Òkúta náà kò ní kan ilẹ̀ mọ́. Á kàn máa yí ayé ká ni.

Bí ti òṣùpá ṣe rí nìyẹn. Òṣùpá ń sáré síwájú, ayé sì ń fà á sọ́dọ̀. Nítorí pé ó ń sáré, kò já lù wá. Nítorí pé ayé ń fà á, kò lè sá lọ.

Newton mú bébà, ó ṣe ìṣirò. Òṣùpá jìnnà púpọ̀, nítorí náà òòfà ayé kò lágbára níbẹ̀ bíi ti ọ̀dọ̀ wa. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, èso ápù á bọ́ sísàlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 5. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 1 kan náà, ayé fa òṣùpá sọ́dọ̀ ní mìlímítà 1 àti díẹ̀ péré. Nígbà tí Newton ṣe ìṣirò tirẹ̀, ohun tó rí sún mọ́ ohun tó ń retí. Agbára tó fa èso ápù ni ó ń fa òṣùpá!

Ṣùgbọ́n Newton kò sáré lọ sọ fún gbogbo ayé. Ó kó bébà rẹ̀ pamọ́.

7. Ibi tí òṣùpá wà

Òṣùpá ń yí ayé ká. Bí a bá ka ọjọ́ láti ìgbà tí oṣù kan lé títí di ìgbà tí òmíràn lé, nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ ni. Kí ló dé tí òṣùpá fi ń yí ojú padà láàárín àkókò yìí?

Òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Òòrùn ló ń tàn sí i lára. Ìdajì tó kọjú sí òòrùn máa ń mọ́lẹ̀, ìdajì kejì á ṣókùnkùn. Ibi tí òṣùpá bá wà ló ń sọ bí a ṣe máa rí i.

Ẹ lè dán an wò ní kíláàsì. Ẹ tan àtùpà sínú yàrá tó ṣókùnkùn. Àtùpà ni òòrùn. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ọsàn kan. Ọsàn ni òṣùpá. Orí yín ni ayé. Ẹ na ọsàn náà síwájú, kí ẹ gbé e sókè ju orí yín lọ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí àtùpà. Ọsàn wà láàárín yín àti àtùpà. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀ ń rí ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùpá máa ń wà ní ọjọ́ tí a kò rí i rárá.

Ẹ yí sí ọwọ́ òsì títí àtùpà á fi wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín. Ìdajì ọsàn tí ẹ̀ ń rí mọ́lẹ̀.

Ẹ tún yí títí ẹ ó fi kẹ̀yìn sí àtùpà. Gbogbo ojú ọsàn ló mọ́lẹ̀. Òṣùpá àrànmọ́jú nìyẹn.

Ẹ tún yí títí àtùpà á fi wà ní ọwọ́ òsì yín. Ìdajì ọsàn ni ẹ tún ń rí.

Ọsàn kò tóbi sí i, kò sì kéré sí i. Ibi tó wà nìkan ló yí padà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ èyí tipẹ́ kí wọ́n tó bí Newton. Ohun tí wọn kò tíì lè fi ìṣirò fi hàn ni bí ibi tí òṣùpá wà ṣe kan omi òkun.

8. Àlejò láti Lọ́ńdọ̀nù

Ọdún pọ̀ tó kọjá. Newton ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge. Ó ti ṣe ẹ̀rọ kan tí a fi ń wo ìràwọ̀. Ó ti fi hàn pé àwọ̀ òṣùmàrè wà nínú ìmọ́lẹ̀ òòrùn. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni tako òun. Bí wọ́n bá bá a jiyàn, inú á bí i, á sì dákẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìpamọ́.

Ní ọdún 1684, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Edmond Halley ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ìmọ̀ nípa ìràwọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Newton pé irú ọ̀nà wo ni ayé àti àwọn tó kù máa ń tọ̀ bí òòrùn bá ń fà wọ́n. Newton dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ọ̀nà wọn rí bí òbìrípo tí a tẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹyin.

Ó ya Halley lẹ́nu. Ó béèrè bó ṣe mọ̀. Newton sọ pé òun ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó wá bébà náà títí, kò rí i. Ó ṣèlérí pé òun á tún un ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó fi ojú ìwé 9 ránṣẹ́ sí Halley.

Halley rí i pé ohun ńlá ni. Ó bẹ Newton pé kó kọ gbogbo ohun tó mọ̀ sínú ìwé. Newton gbà. Ó fi nǹkan bí oṣù 18 kọ ọ́. Ó ń gbàgbé láti jẹun. Nígbà mìíràn, bó ti ń rìn nínú ọgbà, èrò kan á sọ sí i lọ́kàn, á sì sáré padà sínú yàrá. Kò ní jókòó pàápàá, ìdúró ni á ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ìwé parí, wàhálà mìíràn dé. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ti ná owó rẹ̀ sórí ìwé ńlá kan nípa ẹja, ìwé ẹja náà kò sì tà. Kò sí owó mọ́. Halley fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé Newton. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ san owó iṣẹ́ Halley, ìwé ẹja ni wọ́n kó fún un dípò owó!

Ìwé Newton jáde ní ọdún 1687. Èdè Látìn ni ó fi kọ ọ́. Principia ni àwọn ènìyàn ń pè é. Halley fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú lẹ́tà. Ọba náà mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òkun tó ń kún tó sì ń fà ni Halley ṣàlàyé fún un nínú lẹ́tà náà.

9. Ìdáhùn fún àwọn apẹja

Ohun tí Newton sọ nípa òkun nìyí. Ayé ń fa òṣùpá, òṣùpá náà sì ń fa ayé. Ilẹ̀ le, kì í tètè yí padà. Ṣùgbọ́n omi rọ̀, ó lè ṣàn láti ibì kan sí ibòmíràn.

Omi tó kọjú sí òṣùpá sún mọ́ òṣùpá jù. Òṣùpá ń fà á jù, omi á sì wú níbẹ̀. Omi tó wà ní ẹ̀yìn ayé jìnnà sí òṣùpá jù. Òṣùpá kò fà á tó bó ṣe fa ayé. Ó dà bí ẹni pé ayé sún síwájú, tí omi yẹn sì kù sẹ́yìn. Nítorí náà, omi wú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ayé ń yí lójúmọ́, etí òkun kọ̀ọ̀kan sì ń gba ibi méjèèjì tí omi ti wú kọjá. Ìdí nìyẹn tí òkun fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì.

Lójoojúmọ́, òṣùpá máa ń pẹ́ kó tó yọ ju ti àná lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Kíkún òkun náà ń pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òòrùn pẹ̀lú ń fa omi òkun. Òòrùn tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí òkun kò tó ìdajì ti òṣùpá. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá rí roboto, òòrùn, òṣùpá àti ayé wà lórí ìlà kan. Òòrùn àti òṣùpá á jọ fa omi, bí ènìyàn méjì tó jọ ń fa okùn kan. Òkun á kún gan-an, á sì fà gan-an. Nígbà tí òṣùpá bá rí bí ìdajì, òòrùn ń fà síbì kan, òṣùpá ń fà síbòmíràn. Òkun kò ní kún púpọ̀.

Newton kò rin gbogbo etí òkun kó tó mọ èyí. Àwọn ènìyàn ti wọn gíga omi ní èbúté Bristol àti Plymouth, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Newton gba iye wọn yẹ̀ wò. Àwọn kan wọ̀n, òun ṣe ìṣirò. Iṣẹ́ wọn ló pàdé nínú ìwé rẹ̀.

Kò parí gbogbo rẹ̀. Ìrìn òṣùpá le láti ṣírò. Newton sọ pé ó ń mú kí orí fọ́ òun. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n bí Laplace ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1749. Laplace tẹ̀ síwájú, ó sì fi hàn bí omi ṣe ń rìn láti apá òkun kan sí òmíràn.

10. Ọjọ́ alẹ́ Newton

Ní ọdún 1696, Newton kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ibi tí ìjọba ti ń rọ owó. Ní ọdún 1703, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi í ṣe olórí. Ní ọdún 1705, ọbabìnrin Anne fi í jẹ oyè.

Newton kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá ṣe. Ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Flamsteed, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo òṣùpá lóru, tó sì ń kọ ibi tó bá wà sílẹ̀. Newton nílò iṣẹ́ Flamsteed, síbẹ̀ ó ṣe àìdára sí i. Ọgbọ́n orí Newton pọ̀, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn kéré.

Kò fẹ́ ìyàwó, kò sì bí ọmọ. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1727. Ọmọ tí àwọn obìnrin méjì rò pé kò ní lo ọjọ́ kan lo ọdún 84 láyé. Wọ́n sin ín sí ilé ìjọsìn ńlá Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ ọba sí láyé àtijọ́.

Lónìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté kò ní láti máa méfò. Wọ́n ní ìwé tó ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí òkun máa kún, kí ọjọ́ náà tó dé. Ìṣirò òṣùpá àti òòrùn ló wà nínú rẹ̀.

Bí òṣùpá àrànmọ́jú bá yọ lálẹ́ òní, ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ Sábẹ̀ tí kò rí òkun rí lè wò ó láti àgbàlá ilé bàbá rẹ̀, kó sì mọ̀ pé ní Kútọnu, ní àkókò yìí, òkun ń kún gan-an.

Ìbéèrè

1. Ní ọdún wo ni wọ́n bí Isaac Newton? Níbo?
2. Àwọn wo ló bẹ ìyá rẹ̀ pé kó padà sí ilé-ẹ̀kọ́?
3. Kí ló dé tí òṣùpá kò já lulẹ̀ bí èso ápù?
4. Nígbà tí òṣùpá bá rí roboto, níbo ni òòrùn wà? Ẹ fi àtùpà àti ọsàn dáhùn.
5. Ta ló san owó tí wọ́n fi tẹ ìwé Newton?
6. Ẹ wo òṣùpá fún ọjọ́ 10. Ẹ ya bó ṣe rí lálẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé yín.